Heike Kamerlingh Onnes: Ọkùnrin tó wá òtútù títí tó fi rí iná tí kì í ṣòfò lójú ọ̀nà

Ẹni tó bá ti fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ púpọ̀ rí á ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ojú áyọ́ọ̀nù nìkan ló ń gbóná. Wáyà tó gbé iná wá láti ara ògiri náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru yẹn ò lọ aṣọ kankan. Iná tí a ti sanwó rẹ̀ ni, àmọ́ ojú ọ̀nà ló ṣòfò sí. Bó ṣe rí nínú wáyà kékeré yẹn náà ló rí nínú àwọn wáyà ńláńlá tó ń gbé iná láti ibi tí wọ́n ti ń pèsè rẹ̀ wá sí ìlú. Yálà bàbà ni wọ́n fi ṣe é tàbí alumíníọ̀mù, kò sí èyí tó ń jẹ́ kí iná kọjá láì gba owó bodè.

Ní ọdún 1911, ní ìlú Leiden ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn ọkùnrin mélòó kan rí irin tí kò gba owó bodè rárá. Iná wọ inú rẹ̀, iná jáde, ohunkóhun ò dín níbẹ̀. Ẹni tó darí iṣẹ́ náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n Heike Kamerlingh Onnes. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Nobel, orúkọ rẹ̀ sì wọ inú ìwé ìmọ̀ káàkiri ayé. Síbẹ̀, kó tó kú, òun fúnra rẹ̀ ló tún rí ohun tó dí ọ̀nà mọ́ àlá tó ń lá lórí àwárí yìí. Ìtàn ọkùnrin náà la fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ọmọ oníbíríkì láti Groningen

Ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1853 ni wọ́n bí Heike sí ìlú Groningen, ní apá àríwá Netherlands, orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Holland. Harm Kamerlingh Onnes ni bàbá rẹ̀, ilé iṣẹ́ bíríkì ló sì ní. Anna Gerdina Coers ni ìyá rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí: inú ìdílé tó ń sun amọ̀ nínú iná ni ẹni tó wá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá òtútù ti jáde. Àbúrò rẹ̀ kan, Menso, di ayàwòrán. Àbúrò rẹ̀ mìíràn, Onno, di òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìròyìn òwò ní Amsterdam. Ẹ fi orúkọ Onno yẹn sọ́kàn, a máa tó padà sórí rẹ̀.

Ní 1870, Heike wọ yunifásítì ìlú rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje ìmọ̀ kẹ́místírì kan tí yunifásítì Utrecht gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí Heidelberg ní Jámánì, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Bunsen àti Kirchhoff, méjì lára àwọn onímọ̀ tí òkìkí wọn kàn jù lọ nígbà náà. Ó padà sílé ní 1873, ó sì gba oyè dókítà ní 1879. Ọ̀rọ̀ bí ayé ṣe ń yí ló kọ ìwé oyè rẹ̀ lé lórí. Ó so nǹkan wúwo mọ́ ohun tó ń fì síwá sẹ́yìn, ó sì fi bí ìfì náà ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ilẹ̀ tí a dúró lé lórí ló ń yí.

Nígbà tó di 1882, yunifásítì Leiden fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nínú ọ̀rọ̀ tó fi gba ipò náà, ó jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé wíwọn nǹkan dáadáa ni ọ̀nà tí ènìyàn fi ń dé ibi ìmọ̀. Kò fẹ́ràn àròsọ. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbà gbọ́ ní ilé ìwádìí rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni àìsàn ti ń ṣe é lóòrèkóòrè. Ní 1887, ó fẹ́ ìyàwó, Maria Bijleveld, wọ́n sì bí ọmọ kan ṣoṣo, Albert.

Kí ló ń wá nínú òtútù?

Ẹni kan lè béèrè pé kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá kiri nínú òtútù. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà náà, onímọ̀ kan ní Amsterdam tó ń jẹ́ van der Waals ti ṣe ìṣirò tó fi hàn pé kò sí gáàsì tí kò lè di omi, tí òtútù bá sáà ti pọ̀ tó. Kamerlingh Onnes fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò bóyá òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Fíríísà inú ilé wa máa ń tutù dé nǹkan bíi díjírì 18 sísàlẹ̀ òdo. Kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí tó di omi, òtútù gbọ́dọ̀ sún mọ́ díjírì 200 sísàlẹ̀ òdo. Ti hydrogen jẹ́ 253. Ti helium, tó ṣòro jù nínú gbogbo wọn, jẹ́ 269. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, díjírì 273 ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò sí òtútù mìíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é dà bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ gáàsì kan mọ́ra títí á fi di omi. Òtútù tí omi yẹn bá mú wá, wọ́n á fi mú gáàsì kejì tutù. Ìkejì á mú ìkẹta tutù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa bá a lọ títí wọ́n á fi dé ìsàlẹ̀. Bí àtẹ̀gùn kan bá yẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kì í ṣe òun nìkan ló wà lẹ́nu eré yìí. Ní London, James Dewar náà ń sáré. Dewar yìí ló ṣe fláàsì onígíláàsì méjì, tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ jáde kí ooru má baà rí ọ̀nà wọlé. Irú fláàsì yẹn náà la fi ń gbé omi gbígbóná kiri lónìí. Ohun kan náà tó ń dá ooru dúró kó má jáde nínú tiwa ló ń dá a dúró kó má wọlé nínú tiwọn.

Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Dewar ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn, ó sì ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Kamerlingh Onnes ní tirẹ̀ gbà pé ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Ó kọ́ ilé ìwádìí rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Ó wá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́, irú bíi Gerrit Jan Flim tó ń bójú tó ẹ̀rọ òtútù, àti Oskar Kesselring tó ń fẹ́ gíláàsì. Ní 1901, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe irinṣẹ́ ìwádìí. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ni àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí máa ń wọ̀, ohun tí wọ́n sì fi mọ̀ wọ́n ní Leiden nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà títí di òní.

Ìlú Leiden bẹ̀rù

Kí a tó dé ibẹ̀, wàhálà kan ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1807, ọkọ̀ ojú omi kan tó kún fún ẹ̀tù bú gbàù láàárín ìlú Leiden. Bíi 150 ènìyàn ló kú, ọ̀pọ̀ ilé sì wó. Orí ilẹ̀ tí àwọn ilé náà wó sí ni wọ́n wá kọ́ ilé ìwádìí yunifásítì sí.

Nígbà tó di 1895, ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń tẹ gáàsì mọ́ra nínú àgbá irin ní ibẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ṣé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, tó bá rí ìjòkùn á sá. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde, iṣẹ́ òtútù sì dúró fún bí ọdún mẹ́ta. Van der Waals wà lára àwọn tí wọ́n ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Dewar tí wọ́n jọ ń sáré pàápàá kọ̀wé láti London láti gbè é lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n fi máa fún un láṣẹ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1898, Dewar ti sọ hydrogen di omi ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ohun tí Kamerlingh Onnes ti ń lé bọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1906 ni hydrogen tó di omi ní Leiden, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ti Dewar. Àmọ́ ẹ̀rọ tiẹ̀ ń pèsè omi hydrogen lọ́pọ̀ yanturu, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tó mú un borí nìyẹn nígbà tó ku helium nìkan.

Ọjọ́ tí helium di omi

Helium ṣọ̀wọ́n nígbà náà bí ojú. Dewar ò rí èyí tó pọ̀ tó lò. Ibí yìí ni Onno, àbúrò Kamerlingh Onnes, ti wúlò. Láti ipò rẹ̀ ní Amsterdam, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ọ̀pọ̀ iyanrìn kan tí wọ́n ń pè ní monazite láti North Carolina ní Amẹ́ríkà. Helium há sínú iyanrìn yìí, tí wọ́n bá sì yan án nínú iná, gáàsì náà á jáde. Oṣù lóríṣiríṣi ni wọ́n fi yan iyanrìn, tí wọ́n ń fọ gáàsì inú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó rí ohun tó tó lò.

Ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1908 ni ọjọ́ náà pé. Kí aago mẹ́fà ìdájí tó lù ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lítà 75 afẹ́fẹ́ olómi ni wọ́n fi sọ hydrogen di omi, lítà 20 hydrogen olómi ni wọ́n sì fi mú helium tutù. Títí di ìrọ̀lẹ́, helium náà ń yí po nínú ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù dúró sójú kan, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Ó dà bíi pé gbogbo làálàá ọjọ́ náà ti já sí asán. Omi hydrogen tó kù ti ń tán lọ.

Àṣé helium ti di omi, ojú wọn ni kò rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Schreinemakers tó yà wá wò wọ́n ló dá a lábàá pé kí wọ́n tan iná sí gíláàsì náà láti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tan iná báyìí, ojú omi náà hàn kedere, ó mọ́ gaara. Gbogbo rẹ̀ ò ju mílílítà 60 lọ, ìyẹn nǹkan tí ò kún ife tíì kékeré. Nígbà yẹn, kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tí wọ́n ti rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ rí. Fún bí ọdún 15 lẹ́yìn ìgbà náà, Leiden nìkan ló ní i.

Ọjọ́ tí ìdènà iná pòórá

Nígbà tí ọwọ́ ti tẹ òtútù, ó kù kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn onímọ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iná mànàmáná nínú irin tó bá tutù gan-an. Àwọn nǹkan tíntìntín tó ń gbé iná kiri nínú wáyà, tí wọ́n ń pè ní electron, máa ń kọlu àwọn átọ́ọ̀mù tó ń gbọ̀n nínú irin. Ìkọlù yìí ló ń fa ìdènà, òun ló sì ń mú kí wáyà gbóná. Tí irin bá tutù, gbígbọ̀n yẹn á dín kù. Ṣé ìdènà á wá dín kù títí á fi tán ni? Ṣé á kù díẹ̀ tí kò ní lọ? Àbí, bí Lord Kelvin ṣe rò ó, àwọn electron fúnra wọn á dì, tí iná ò fi ní lè kọjá mọ́?

Kamerlingh Onnes kọ́kọ́ dán platinum àti wúrà wò. Ìdènà dín kù, àmọ́ ó dé ibì kan, kò dín mọ́. Ó fura pé ìdọ̀tí tó wà nínú irin ló fà á. Ó wá mú mákúrì, irin olómi tó máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara tẹ́lẹ̀, nítorí pé wọ́n lè fọ ìyẹn mọ́ tónítóní. Wọ́n rọ ọ́ sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó dì nínú òtútù helium.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1911, àwọn mẹ́rin ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Flim dúró ti ẹ̀rọ òtútù. Cornelis Dorsman ń bójú tó bí òtútù náà ṣe rí. Gilles Holst jókòó sí yàrá mìíràn, kí ariwo àti ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ má baà da ìwọ̀n rú, òun ló ń wo abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìdènà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé.

Nígbà tí òtútù dé nǹkan bíi díjírì 269 sísàlẹ̀ òdo, ìdènà inú mákúrì lọ sí òdo. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé wáyà kan ló ti kan ìkejì níbi tí kò yẹ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún un ṣe, ìdáhùn kan náà ló ń jáde. Nígbà tí wọ́n tún fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá rí ohun tó yani lẹ́nu jù. Ìdènà náà ò rọra dín kù bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ńṣe ló já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá pa iná. Kò sẹ́ni tó retí ìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tó fà á. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní superconductivity lónìí nìyẹn. Ó di 1957 kí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Bardeen, Cooper àti Schrieffer, tó rí àlàyé tó yanjú fún un.

Ní ìparí ọdún 1912, wọ́n rí i pé tánganran àti òjé náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé ènìyàn lè fi òjé ṣe wáyà, kó lọ́ ọ mọ́ nǹkan bó ṣe wù ú. Mákúrì ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìrètí àti ohun tó dí i lọ́nà

Ọdún 1913 dùn mọ́ ọn. Ó lọ sí Chicago ní Amẹ́ríkà fún ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ òtútù, ó sì sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé pẹ̀lú wáyà tí kò ní ìdènà, ó ṣeé ṣe láti ṣe òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, tí agbára rẹ̀ á dé 100,000 gauss. Irú èyí ò sí láyé nígbà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó wà ní Stockholm láti gba àmì ẹ̀yẹ Nobel fún gbogbo iṣẹ́ òtútù rẹ̀ àti helium olómi.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò, ọ̀rọ̀ yí padà. Tí wọ́n bá fi iná púpọ̀ sínú wáyà òjé náà, ìdènà á tún padà wá lójijì. Wọ́n wádìí rẹ̀ títí, wọ́n sì rí ohun tó fà á. Agbára òòfà fúnra rẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ní nǹkan bíi 600 gauss péré, òjé ti padà di irin lásán. Ìyẹn ò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń retí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibikíbi tí iná bá ti ń kọjá, òòfà ò ní ṣàìsí níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé wáyà náà lè gbé iná láìṣòfò lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni.

Ẹlòmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Nobel, tó sì ti sọ̀rọ̀ ńlá lójú gbogbo ayé, ì bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Kamerlingh Onnes kọ ọ́ jáde ní 1914, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ mọ ibi tí odi wà nítorí pé ó fi hàn wọ́n.

Ní ọdún kan náà, ó ṣe ohun kan tí àwọn tó rí i ò gbàgbé. Ó fi iná sínú wáyà òjé tí wọ́n lọ́ yípo, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì pàdé, lẹ́yìn náà ó mú ohun tó fi iná náà sí i kúrò. Kò sí bátìrì, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń tì í. Síbẹ̀ iná náà ń yí lọ nínú òjé fún wákàtí lórí wákàtí, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí pé kò dín kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ehrenfest tó wà ní Leiden nígbà náà rí i, ẹnu sì yà á gan-an.

Orúkọ ta ni wọ́n kọ sí i?

Kò yẹ ká fi apá kan ìtàn yìí pamọ́. Holst ló wo abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin yẹn, àmọ́ orúkọ Kamerlingh Onnes nìkan ló wà lórí ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde. Nínú ọ̀rọ̀ tó kọ, ó dárúkọ Holst, Flim àti Dorsman, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò kọ wọ́n mọ́ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ni iṣẹ́. Bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn. Ọ̀gá tó le ni, bíi bàbá nínú ilé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ń ṣẹ. Holst ní tirẹ̀ kọjá sí ilé iṣẹ́ Philips ní Eindhoven ní 1914, ó sì di ẹni tó kọ́ ilé ìwádìí wọn di ńlá. Lónìí, àwọn tó bá ń sọ ìtàn náà dáadáa máa ń dárúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀gá yìí kan náà ní àánú lójú. Nígbà ogun àgbáyé kìíní àti lẹ́yìn rẹ̀, ó sapá láti rí i pé àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń bá ara wọn jà ò di ọ̀tá ara wọn, ó sì ṣèrànwọ́ fún àwọn ọmọdé tí ebi ń pa ní àwọn orílẹ̀-èdè tí oúnjẹ ti wọ́n.

Ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1926 ló kú ní Leiden, lẹ́ni ọdún 72. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni Flim àti Kesselring fi ń tẹ̀ lé ọkọ̀ tó gbé òkú rẹ̀ lọ sí ibojì ní Voorschoten. Nígbà tí wọ́n rí i pé àkókò ti ń lọ, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ni àwọn àgbà oníṣẹ́ méjèèjì bá ń sáré tẹ̀ lé e, òógùn ń bò wọ́n. Wọ́n ní wọ́n fi ṣe ẹ̀rín láàárín ara wọn pé ọ̀gá ò jẹ́ káwọn sinmi, títí kan ọjọ́ tó ń lọ sí ibojì.

Ní ọdún tó kú yẹn gan-an, Keesom tó ti bá a ṣiṣẹ́ sọ helium di yìnyín, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ gbìyànjú tí kò rí ṣe. Ní 1932, wọ́n fi orúkọ Kamerlingh Onnes pe ilé ìwádìí náà. Ọdún yẹn náà ni Flim wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí London pẹ̀lú òrùka òjé kan nínú fláàsì helium. Iná 200 ampere ló ń yí nínú òrùka náà, láì sí ohun tó ń pèsè rẹ̀, ó sì gbé e láyọ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ tí Dewar ti ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀.

Kébù tó dà bíi fláàsì gígùn

Odi tí Kamerlingh Onnes rí ní 1914 dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1961, àwọn onímọ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àdàpọ̀ niobium àti tánganran kì í padà di irin lásán kódà nínú òòfà tó lé ní 80,000 gauss. Láti ìgbà náà ni àlá tó lá ní Chicago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ. Àwọn ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń wo inú ara aláìsàn ní ilé ìwòsàn, irú wáyà bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, inú helium olómi ni wọ́n sì máa ń wà.

Fún gbígbé iná láàárín ìlú, helium wọ́n jù. Ọ̀nà ṣí ní 1986, nígbà tí Bednorz àti Müller ní Switzerland rí nǹkan kan tó jọ amọ̀ tí wọ́n sun, kì í ṣe irin, tó ń gbé iná láìṣòfò nínú òtútù tí kò pọ̀ tó ti helium. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú nitrogen olómi, ní díjírì 196 sísàlẹ̀ òdo. Nitrogen yìí ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ helium. Ohun tó jọ amọ̀ sísun ló wá ṣe iṣẹ́ tí ọmọ oníbíríkì ń wá.

Ní báyìí, àwọn ìlú kan ti rì í mọ́lẹ̀. Ní Long Island, nítòsí New York, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo kébù mítà 600 ní 2008. Ní ìlú Essen ní Jámánì, wọ́n fi kébù kìlómítà kan so ilé iṣẹ́ ìpín-iná méjì pọ̀ ní 2014. Fóòtì 10,000 péré ló lò nígbà náà, àmọ́ ó lè gbé mẹ́gáwáàtì 40, iṣẹ́ tí kébù bàbà ì bá nílò fóòtì 110,000 fún. Ní Shanghai, wọ́n ṣí ti kìlómítà 1.2 ní òpin ọdún 2021.

Tí ẹ bá gé irú kébù bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí ọ̀pá méjì, ọ̀kan nínú ìkejì, tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde, gẹ́gẹ́ bí fláàsì Dewar. Nitrogen olómi ń ṣàn nínú lọ́hùn-ún, ohun tó ń gbé iná sì wà nínú òtútù náà. Kì í ṣe pé ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ̀rọ tó ń mú nitrogen tutù náà ń jẹ iná, kébù ọ̀hún sì gbówó lórí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó níbi tí àyè ti há, láàárín ìlú tí wọn ò ti lè gbẹ́ ilẹ̀ púpọ̀, tí wọn ò sì lè nà á gba inú igbó lọ bíi wáyà orí òpó. Títí dòní náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ ìwọ̀n iná tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀, nítorí tó bá kọjá ààlà, ìdènà á padà wá. Ààlà yẹn náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n Leiden kọ sílẹ̀ ní 1914, nígbà tó fẹ́ kó rí bí òun ṣe fẹ́, tó sì wọ̀n ọ́n bó ṣe rí gan-an.